Ìlà Koríko Nínú Oko Akínwùmí

Ẹni tó bá gun alùpùpù láti Tchaourou lọ sí Kika lóṣù Ọ̀wàrà ọdún tó kọjá á ti rí i, bí kò tilẹ̀ mọ ohun tó ń wò. Oko márùn-ún ló tẹ̀ léra wọn lápá ọ̀tún ọ̀nà. Wọ́n ti kọ ebè iṣu sí gbogbo wọn, ebè dúdú, ebè tútù, tó tò bí ìgbà tí wọ́n fi okùn wọ̀n wọ́n. Ṣùgbọ́n nínú oko kọ̀ọ̀kan, ìlà kan wà tí ọkọ́ ò kàn rárá. Koríko ló kún ibẹ̀, ó ga dé àyà, ó lọ tààrà láti etí ọ̀nà títí dé ìsàlẹ̀ oko, bí ọ̀nà tí ẹnìkan là tí kò sẹ́ni tó gbà á.

Àlejò lè rò pé olóko ń fi ibẹ̀ so ẹran ni. Àwọn ará abúlé ò ní rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ ẹni tó ni koríko náà. Moctar ni.

Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ jẹ́ ká sọ ìyẹn kí ọ̀rọ̀ tó gùn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni, ó ń gbin iṣu àti àgbàdo, ó sì ní igi kajú díẹ̀. Karimath ni ìyàwó rẹ̀, Samira ni àkọ́bí wọn, ìyẹn ti wà nílé ọkọ ní Sanson. Láti ọdún méjìlá ni Moctar ti wà nínú àáró ẹni mẹ́fà tí Kassimou, àgbà tí gbogbo wọn ń pè ní Tonton, jẹ́ olórí rẹ̀, kò sì pa ọjọ́ àáró kan jẹ rí.

Ìṣirò àáró ò le. Ilẹ̀ ebè kì í dúró de ènìyàn. Bí òjò àrọ̀kúrò bá ti lọ, ilẹ̀ á le bíi bíríkì tó jóná, ọkọ́ á máa ta lórí rẹ̀. Ẹnìkan tó bá ní òun fẹ́ dá oko rẹ̀ kọ, ilẹ̀ á le mọ́ ọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni mẹ́fà bá kó ara wọn jọ, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gba ìlà kan, ọgọ́ta ebè nínú ìlà kan, ilẹ̀ á ṣú, oko á ti parí. Lọ́jọ́ kẹrin wọ́n á lọ sí oko ẹlòmíràn. Kò sí owó níbẹ̀. Olóko á pèsè oúnjẹ ọ̀sán, ó tán. Ọkọ́ lo gbà, ọkọ́ ni wàá fi dá a padà.

Bí ẹnìkan ò bá wá, wọn kì í bá a kọ ìlà rẹ̀. Wọ́n á fo ibẹ̀, koríko rẹ̀ á máa dúró dè é, gbogbo ẹni tó ń kọjá á sì máa rí i. Ìlà òkú nìkan ni àáró ń bá ènìyàn kọ. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, àwọn yòókù á pa ọwọ́ pọ̀ kọ èyí tó kù sí i lọ́rùn, ìyẹn ni wọ́n fi ń dágbére fún un. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá kọ ìlà ẹni tó wà láàyè, ó ti kúrò ní ìrànlọ́wọ́. Wọ́n ti sin ín nìyẹn.

Lọ́dún yẹn, nígbà tí wọ́n ṣẹ́ kèké, Akínwùmí ló bọ́ sí ipò kìíní, Moctar bọ́ sí ìkẹyìn. Akínwùmí yí i padà lójú ẹsẹ̀.

“Oko tìrẹ wà lórí òkè,” ó wí. “Ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbẹ. Gba tèmi. Tèmi lọ dé etí odò, ó lè dúró.”

“Wàá wá kẹ́yìn.”

“Kí ló wà nínú kí ènìyàn kẹ́yìn? Ṣebí ẹ ó wá náà ni.”

Ọ̀rẹ́ ni wọ́n láti kékeré, ìkan ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, ìkan ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ oko kan náà ni wọ́n jọ ń lọ. Ọlọ́wọ́ òsì ni Akínwùmí. Torí kí ọkọ́ má baà pàdé ọkọ́, ìlà tó wà lápá òsì Moctar ni wọ́n máa ń fi í sí. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á dá ebè rẹ̀ mọ̀ láàárín ẹgbẹ̀rún: ó máa ń tẹ̀ díẹ̀ sápá òsì. Bó bá sì kọ ọ̀kan tán, á fi ẹ̀yìn ọkọ́ lu orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, pó, pó, pó, bí ẹni tó ń pa ọmọ lẹ́kún. Ọdún méjìlá ni Moctar fi gbọ́ ọ lápá òsì rẹ̀. Òun ni ó fi ń mọ̀ bóyá òun ń yára tàbí òun ń falẹ̀.

Wọ́n kọ ti Moctar. Oko náà dára. Ọjọ́ kejì rẹ̀, Moctar ń ro àgbàdo pẹ̀lú ọkọ́ tuntun tí alágbẹ̀dẹ kan ní Bétérou ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ fún un. Ọkọ́ náà yọ̀, ó bọ́ sí i lẹ́sẹ̀ lábẹ́ ọrùn ẹsẹ̀, ó wọlé dé eegun.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló fi jókòó. Ilé rẹ̀ wà létí ọ̀nà ọ̀dà, gbogbo ọjọ́ àáró ló sì ń rí àwọn márùn-ún yòókù bí wọ́n ti ń kọjá lórí alùpùpù wọn, tí wọ́n ń gbé ọkọ́ sókè láti kí i. Ó ń dá wọn lóhùn, ó ń rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ sì ń ṣírò. Oko Rachad: ọgọ́ta. Oko ẹni tó tẹ̀ lé e: ọgọ́fà. Lẹ́yìn náà ọgọ́sàn-án. Oko Tonton Kassimou: òjìlénígba. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ sí oko Akínwùmí, ó di ọ̀ọ́dúnrún. Ọ̀ọ́dúnrún ebè lọ́rùn ẹni tí kò lè fi ẹsẹ̀ òsì tẹlẹ̀.

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan sí ìgbà yẹn tí ibà gbé Akínwùmí dè. Ọjọ́ méjì péré. Kí alùpùpù tó gbé e dé ìlú, ó ti lọ.

Moctar fi ọ̀pá lọ síbi ìsìnkú. Níbẹ̀ ni nǹkan kejì ti ṣẹlẹ̀, èyí tó wúwo ju ọ̀ọ́dúnrún ebè lọ.

Opó Akínwùmí, Ìyá Túnjí, jókòó sórí ẹní láàárín àwọn obìnrin. Nígbà tí Moctar bẹ̀rẹ̀ láti kí i, ó gbé ojú sókè.

“Bàbá Samira, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Kí ibà yẹn tó dé, àárọ̀ mẹ́ta tẹ̀ léra ni bàbá Túnjí fi jáde nílé kí oòrùn tó là. Mo ní níbo? Ó ní òun ń lọ kí Moctar. Ṣé ó dé ọ̀dọ̀ yín?”

Akínwùmí ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Láàárín gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ló wá, ìrọ̀lẹ́ sì ni ẹ̀ẹ̀mejèèjì. Moctar wo obìnrin náà. Ó wo àwọn obìnrin tó yí i ká, etí gbogbo wọn là. Ó rò ó wò kíákíá, bí ẹni tó fẹ́ fo kòtò: bí òun bá ní kò wá, kí ni wọ́n máa sọ nípa òkú tí erùpẹ̀ rẹ̀ ò tíì gbẹ?

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ó wí. “Ó wá.”

“Àárọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?”

“Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.”

Ìyá Túnjí wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ dì. Ó ní, “Ẹ ṣeun,” ó sì gbé ojú kúrò.

Ẹsẹ̀ san. Ẹsẹ̀ kọ́ ló di ìṣòro mọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Moctar mú ọkọ́, ó lọ sí oko Rachad, ó bọ́ sínú ìlà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ó kọ ọ̀kan, ó kọ èjì. Bó ti ń fa erùpẹ̀ ìkẹta jọ, ó gbọ́ ọ lápá òsì rẹ̀. Pó, pó, pó.

Ó dúró. Ebè Akínwùmí ló wà lápá òsì níbẹ̀, ọgọ́ta, ó ti kọ wọ́n láti oṣù tó kọjá, wọ́n tẹ̀ sósì bí ìṣe wọn. Kò sí ẹnìkan. Àwọn ẹyẹ ń jẹun nínú koríko. Moctar tún tẹ̀ ba. Bó bá ti parí ebè kan, ó máa ń gbọ́ ọ. Ó kọ mẹ́sàn-án, ó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ó lọ sílé. Ó sọ fún Karimath pé orí ń fọ́ òun.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti di ẹni tó ń jí, tó ń mú ọkọ́, tó ń jáde, tí kò sì dé oko kankan. Abẹ́ igi kajú rẹ̀ ló ń lọ jókòó sí, ó ń ṣírò. Ọ̀ọ́dúnrún ó dín mẹ́sàn-án ló kù, ó pín in sí ọjọ́, ó tún pín in. Bí òun bá ń kọ ọgọ́ta lóòjọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ọjọ́ márùn-ún ni. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yìí ò lè ju ọgbọ̀n lọ, ìyẹn ọjọ́ mẹ́wàá. Ṣé òjò á dúró di ọjọ́ mẹ́wàá? Bó bá ti dé ibẹ̀, á tún ìṣirò náà bẹ̀rẹ̀. Ó fi ọjọ́ mẹ́fà ṣe iṣẹ́ yìí. Bó bá fi ọjọ́ mẹ́fà náà kọ ebè, bó tilẹ̀ jẹ́ ogún lóòjọ́, oko méjì ì bá ti tán. Ìrònú ò kọ ebè.

Àwọn oko náà ò sì jẹ́ kó sinmi. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà. Bó bá lọ sọ́jà, yóò rí koríko rẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún. Bó bá ń bọ̀, yóò tún rí i lẹ́ẹ̀márùn-ún. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, gbogbo ebè á dúró jẹ́ẹ́, koríko Moctar nìkan ló máa ń mì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, níbi tí wọ́n ti ń ra ẹ̀wà, Rachad dá a dúró. Rachad ló kéré jù nínú àáró wọn, kò sì sí nǹkan tí kì í fi ṣe ẹ̀fẹ̀.

“Moctar! Koríko rẹ nínú oko mi ti sanra o. Mo ti bá Fúlàní kan sọ̀rọ̀, ó máa kó màlúù wá. Wàrà rẹ̀, ká pín in sí méjì.”

“Jẹ́ kó kó wọn wá.”

“Ẹ gbọ́ o! Tata ẹlẹ́wà, ẹ jẹ́rìí sí i, ó ti fún mi láṣẹ. Mi ò mọ̀ pé ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ kan di olówó ẹran.”

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́wà náà rẹ́rìn-ín débi tó fi bu ẹ̀wà kún ti Rachad. Moctar gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ ò gbọ́. Rachad rí i. Ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ó dáa, ẹ̀fẹ̀ ni mò ń ṣe. Ṣé ẹsẹ̀ ṣì ń dùn ọ́ ni?”

“Ẹsẹ̀ ti san.”

“Kí ló wá dé?”

Kí ni kó sọ? Pé òkú ọ̀rẹ́ wọn ń bá òun kọ ebè? Ó gba ẹ̀wà rẹ̀, ó lọ.

Karimath ló fòpin sí i. Ó ti rí i pé ọkọ́ ń jáde láàárọ̀, ó ń wọlé lọ́sàn-án, erùpẹ̀ ò sì kan ẹnu rẹ̀. Ó gbé ọkọ́ náà, ó fi ìka nù ún, ó gbé ìka náà síwájú ọkọ rẹ̀.

“Ẹ wò ó. Ó mọ́ ju abọ́ mi lọ. Bàbá Samira, kí lẹ ń fi ṣe?”

Moctar sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ìró ọkọ́, ìṣirò, igi kajú. Ohun tó dì mú ni irọ́ tó pa fún opó. Karimath gbọ́ ọ tán, kò pariwo.

“Ẹni tẹ́ ẹ ń gbọ́ yẹn, kí ló ń sọ?”

“Kò sọ nǹkan kan. Ebè ló ń kọ.”

“Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ò ráyè bá ènìyàn jà. Ẹ bá a ṣe é.” Ó gbé ọkọ́ lé e lọ́wọ́. “Ẹ gbàgbé ọ̀ọ́dúnrún. Kò sí ohun tó ń jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún. Ọgbọ̀n ló wà. Tẹ́ ẹ bá dé lálẹ́, ẹ ní ọgbọ̀n, mo máa gbé oúnjẹ kalẹ̀, mi ò ní bi yín nípa ìyókù. Bó bá jẹ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ẹ padà.”

Ọ̀rọ̀ obìnrin náà le, ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́. Ọgbọ̀n lónìí, ọgbọ̀n lọ́la. Oko Rachad tán. Èyí tó tẹ̀ lé e tán. Ìró náà ò kúrò, pó, pó, pó, lápá òsì, kò yára, kò falẹ̀. Moctar ò yíjú síbẹ̀ mọ́. Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kẹjọ, oko mẹ́rin ti pé. Ìlà kan ṣoṣo ló kù, ọgọ́ta péré, ní oko Akínwùmí.

Ibẹ̀ ló ti gan. Àárọ̀ mẹ́ta tẹ̀ léra ló dé etí oko náà. Ní oko àwọn yòókù, ó lè sọ fún ara rẹ̀ pé etí òun ló ń ṣeré. Níbí, kò sí irú àwáwí bẹ́ẹ̀. Òkú ló ni ín. Koríko ibẹ̀ ga ju ti gbogbo oko lọ nítorí odò, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Níbo ni ọkùnrin náà lọ láàárọ̀ mẹ́ta yẹn tó fi orúkọ òun bò ó mọ́lẹ̀? Bí òkú náà bá bi òun ìdí tí òun fi purọ́, kí ni òun máa fi dáhùn? Moctar á dúró, ọkọ́ lórí èjìká, á padà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Tonton Kassimou wá bá a nílé. Àgbà ọkùnrin náà ò jókòó.

“Moctar, òjò ti dákẹ́ láti ọjọ́ mọ́kànlá. Mo ti ki ọwọ́ bọ ilẹ̀ Akínwùmí. Lókè, ó ti ń le. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta, bó pọ̀ jù mẹ́rin.”

“Mo gbọ́, Tonton.”

“Gbígbọ́ kọ́. Opó wà nílẹ̀, èèbù rẹ̀ wà nílẹ̀, ọgọ́ta èèbù kì í ṣe eré fún ẹni tí kò lọ́kọ. Bí mo bá dé oko yẹn ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tí koríko rẹ ṣì wà níbẹ̀, àwa mẹ́rin máa kọ ọ́.” Ó wo ẹsẹ̀ Moctar. “O mọ ohun tí ìyẹn ń jẹ́. Má jẹ́ kí n sin ẹni méjì nínú oṣù kan.”

Kò tíì pẹ́ tó lọ tí Ìyá Túnjí dé. Moctar rò pé ó bá ti ìlà wá. Kò dárúkọ ìlà rárá. Ṣòkòtò iṣẹ́ kan ló mú dání, ó nà án sílẹ̀ lórí àga.

“Bàbá Samira, mi ò tíì fọ̀ ọ́. Ẹ wo ibi orúnkún.”

Ẹrẹ̀ dúdú ló gbẹ mọ́ ọn láti orúnkún dé ìsàlẹ̀, koríko wẹ́wẹ́ sì lẹ̀ mọ́ ọn.

“Èyí ló wọ̀ láàárọ̀ mẹ́ta yẹn. Ọ̀nà ọ̀dà ló dé ilé yín. Èwo ni ẹrẹ̀ níbẹ̀?” Ohùn rẹ̀ ò ga. “Mo mọ̀ pé kò wá síbí. Mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ ìsìnkú, bẹ́ ẹ ti ń la ẹnu. Ẹ rò pé ẹ ń ṣe mí lóore. Bẹ́ ẹ bá ní kò wá, ǹ bá sọ pé bóyá ó lọ dẹ okùn fún ọ̀yà. Ṣùgbọ́n ẹ bò ó. Àwọn ọkùnrin kì í bo ọ̀yà mọ́lẹ̀, obìnrin ni wọ́n máa ń bò mọ́lẹ̀. Ta ni?”

“Ìyá Túnjí, mo fi Ọlọ́run búra, mi ò mọ̀.”

“Ẹ ti kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ wá ń ní ẹ ò mọ̀.” Ó ká ṣòkòtò náà. “Ó dáa. Mo máa bá a gbé e.”

Moctar jókòó síbi tó wà títí ojú ọ̀nà fi dá. Òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ ba òkú jẹ́.

Lọ́jọ́rú, ó lọ. Kò dúró létí oko láti rò ó, torí ó ti mọ iye tí ríronú ń gbà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè, níbi tí ilẹ̀ ti ń le, kí ibi tó tutù létí odò lè dúró dè é. Ó kọ ebè kìíní. Ó tẹ́tí.

Kò gbọ́ nǹkan kan.

Ó kọ èkejì, ó kọ ẹ̀kẹwàá. Apá òsì rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ó ti rò pé níbí ni ìró náà máa pọ̀ jù, ó ti gbára dì fún un. Ìdákẹ́jẹ́ ni kò gbára dì fún. Ó dà bí ẹni tó ń bá ènìyàn rìn lọ́nà tó wá rí i pé òun nìkan ló kù. Ó kọ ọgbọ̀n rẹ̀ pé, ó lọ sílé, ó ní “ọgbọ̀n” fún Karimath, Karimath gbé oúnjẹ kalẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, ó tún dé. Ilẹ̀ ń rọ̀ bó ti ń sọ̀kalẹ̀, koríko ń ga. Ó ń gé e, ó ń kọ. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ogójì. Nígbà tó parí ìkẹtàlélógójì, ó ju ọkọ́ sínú koríko tó kàn, ọkọ́ náà sì wọlé láìsí wàhálà, bí ìgbà tí ọwọ́ wọ inú ìyẹ̀fun. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti rọ̀ tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ ga.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì ya koríko.

Ebè ni. Koríko ti hù bò ó, ṣùgbọ́n ebè ni, ó tóbi, ó kún, ó tẹ̀ díẹ̀ sápá òsì. Moctar ya koríko tó tẹ̀ lé e. Ebè. Ó ń lọ lórí orúnkún, ó ń ya koríko, ó ń kà, títí ó fi bọ́ sí ẹrẹ̀ etí odò. Mẹ́tàdínlógún. Lórí ìkẹyìn, níbi tí iyanrìn ti dàpọ̀ mọ́ amọ̀, àmì ẹ̀yìn ọkọ́ ṣì wà lórí rẹ̀ kedere. Mẹ́ta.

Ó jókòó sínú ẹrẹ̀. Ó wo orúnkún ṣòkòtò ara rẹ̀. Ẹrẹ̀ dúdú, koríko wẹ́wẹ́.

Àárọ̀ mẹ́ta. Ìsàlẹ̀ oko ló ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹni tó ń kọjá lọ́nà má baà rí i, kí Tonton Kassimou má baà rí i, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n ti kọ ìlà Moctar. Ó fi koríko òkè sílẹ̀ láti bo àṣírí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní, “Mo ń lọ kí Moctar.”

Ó tó ìdajì wákàtí kó tó lè dìde. Lẹ́yìn náà, ó lọ mú Ìyá Túnjí wá. Kò ṣàlàyé lójú ọ̀nà. Ó ní, “Ẹ mú ṣòkòtò yẹn dání,” obìnrin náà sì mú un, ojú rẹ̀ le bí òkúta.

Ní ìsàlẹ̀ oko, ó wo ebè tó kọ́kọ́ kàn. Ìyàwó àgbẹ̀ ni fún ọdún mọ́kàndínlógún, kò sẹ́ni tó ní láti sọ ọwọ́ tó kọ ọ́ fún un. Ó kà wọ́n lọ. Ó kà wọ́n bọ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí ìkẹyìn, lórí àmì mẹ́ta náà.

“Mẹ́tàdínlógún,” ó wí.

“Mẹ́tàdínlógún ni.”

“Ó ní òun ń lọ kí Moctar.” Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò bọ́ sí i. “Mo bá a jà ní àárọ̀ kẹta. Nígbà tó dé tó ní otútù ń mú òun, mi ò dá a lóhùn. Mo ní kó lọ bá ẹni tó ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bọ̀ kó fún un láṣọ. Títí ó fi sùn, mi ò dá a lóhùn.”

Odò ń ṣàn. Moctar ò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ sí. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, kò yẹ kó bi opó ní irú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn tó lè bi.

“Ìyá Túnjí. Òkú nìkan là ń bá kọ ìlà. Ó kọ tèmi, èmi ò kú. Ṣé ebè yìí ló pa á? Ṣé tèmi ló gbà?”

Obìnrin náà gbé ọwọ́ kúrò lórí ebè.

“Ẹ̀yin lẹ mọ bẹ́ ẹ ṣe máa ru ìyẹn,” ó wí. “Tèmi ti tó mi í rù.” Ó gbé ṣòkòtò náà kọ́ èjìká, ó tẹ̀ ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa koríko kúrò lára ebè. “Ẹ bá mi ro wọ́n. Mi ò fẹ́ kí igbó jẹ wọ́n.”

Wọ́n jọ fà á tán kí oòrùn tó wọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Tonton Kassimou dé pẹ̀lú Rachad àti àwọn méjì yòókù, ọkọ́ lọ́wọ́ wọn. Kò sí koríko mọ́. Àgbà náà rin ìlà náà láti òkè, ó ń kà á lábẹ́ ẹnu. Nígbà tó dé ẹ̀kẹrìnlélógójì, ó dúró. Ó wo ebè náà, ó wo bó ṣe tẹ̀. Ó wo Moctar. Rachad náà ti rí i. Tonton Kassimou ṣí fìlà, ó rin ìyókù láìwọ̀ ọ́, ó dé etí odò.

“Ọgọ́ta,” ó wí. “Ó pé.” Kò béèrè iye tí ẹnikẹ́ni kọ nínú rẹ̀.

Ìyá Túnjí gbin èèbù rẹ̀ nígbà tí àkókò tó. Moctar ṣì wà nínú àáró. Lọ́dún yìí, wọn ò fi ẹnikẹ́ni sí ìlà tó wà lápá òsì rẹ̀; wọ́n ní ó sàn kí ibẹ̀ ṣófo. Kì í jókòó sábẹ́ igi kajú ṣírò mọ́. Bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ọgbọ̀n ló ń kọ, á sì lọ sílé. Ṣùgbọ́n bó bá parí ebè kan, á fi ẹ̀yìn ọkọ́ lu orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà á dúró, á kọ etí sápá òsì, á dúró díẹ̀ sí i, kó tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn.